Ta Ni Ìwé Rẹ̀ Ń Di Ẹ̀rí Nínú Òfin Àgbáyé?

Láti ọdún 2022 ni Ìgbìmọ̀ Òfin Àgbáyé, tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé dá sílẹ̀ ní 1947 láti máa ṣàkójọ òfin tó de àwọn orílẹ̀-èdè, kí ó sì máa tún un ṣe, ti gbé ọ̀rọ̀ kan kalẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn lè rò pé ti àwọn ọ̀mọ̀wé nìkan ni. Ọ̀rọ̀ náà ni pé, nígbà tí adájọ́ bá ń wá ohun tí òfin àgbáyé sọ lórí ẹjọ́ tó wà níwájú rẹ̀, ìwé ta ni ó yẹ kí ó ṣí, irú òṣùwọ̀n wo ni ó sì yẹ kí ó fi wọn ìwé náà kí ó tó gbára lé e? Charles Chernor Jalloh, ọ̀jọ̀gbọ́n òfin tó jẹ́ ọmọ Sierra Leone, ni ìgbìmọ̀ náà yàn láti ṣe ìwádìí àkànṣe lórí rẹ̀, àwọn àbá tó sì ń jáde láti inú iṣẹ́ náà ti di ohun tí àwọn ìjọba ń jíròrò ní New York. Èrò tèmi ni pé iṣẹ́ yìí tọ́, ó sì ti yẹ kí wọ́n ti ṣe é tipẹ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe iwájú adájọ́ ni ọ̀rọ̀ ti ń bàjẹ́. Kí ìwé tó dé ọwọ́ adájọ́ ni wọ́n ti yan èyí tí yóò dé ibẹ̀ àti èyí tí kò ní dé: ní ilé ìtẹ̀wé, lọ́wọ́ olóòtú, ní ilé ìkówèésí tí kò rí owó san fún ohun tó yẹ kí wọ́n kà níbẹ̀, àti nínú fáìlì ìjọba tí ẹnikẹ́ni kò tẹ̀ jáde.

Abala 38 nínú ìwé òfin tó dá Ilé-Ẹjọ́ Àgbáyé ti ìlú Hague sílẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ dúró lé. Abala náà ka ohun tí àwọn adájọ́ gbọ́dọ̀ lò: àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè fọwọ́ sí, ìṣe tó ti di àṣà láàárín wọn, tí wọ́n sì gbà pé òfin ló ní kí àwọn máa ṣe é, àti àwọn ìlànà òfin tó wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ àwọn orílẹ̀-èdè tí wọ́n pè ní ọ̀làjú. Lẹ́yìn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ó wá fi kún un pé ilé-ẹjọ́ lè lo ìdájọ́ àwọn ilé-ẹjọ́, àti ẹ̀kọ́ àwọn onímọ̀ òfin tó dáńtọ́ jù lọ láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè, gẹ́gẹ́ bí ohun ìrànwọ́ láti fi mọ òfin. Onímọ̀ kò lè ṣòfin. Ohun tó lè ṣe ni kí ó fi ẹ̀rí hàn pé òfin kan wà, kí ó sì ṣàlàyé ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Ọdún 1920 ni ìgbìmọ̀ amòfin ẹlẹ́ni mẹ́wàá kọ gbólóhùn yìí ní Hague, fún ilé-ẹjọ́ tó ṣáájú èyí tó wà lónìí. Méje nínú wọn wá láti Yúróòpù, ẹnì kan wá láti Amẹ́ríkà, ẹnì kan láti Brazil, ẹnì kan láti Japan. Kò sí ẹnì kankan láti Áfíríkà. Nígbà tí wọ́n ń dá Ilé-Ẹjọ́ Àgbáyé sílẹ̀ ní 1945, gbólóhùn náà ni wọ́n gbé wọ inú ìwé òfin tuntun, ti òun ti ọ̀rọ̀ ọ̀làjú inú rẹ̀.

Ẹjọ́ kan tó wáyé ṣáájú ìgbà yẹn fi hàn pé ìwé onímọ̀ lè gba ẹ̀tọ́ padà fún mẹ̀kúnnù. Ní 1898, nígbà tí Amẹ́ríkà ń bá Sípéènì jagun, àwọn ọkọ̀ ogun Amẹ́ríkà mú ọkọ̀ ìpẹja méjì tó ń ṣiṣẹ́ láti Havana ní Cuba, Paquete Habana àti Lola. Ẹja ni àwọn tó wà nínú wọn lọ pa. Wọn kò gbé ohun ìjà, wọn kò sì mọ̀ pé ogun ti bẹ̀rẹ̀ títí wọ́n fi dá wọn dúró. Wọ́n kó ọkọ̀ méjèèjì lọ sí Key West, wọ́n sì tà wọ́n ní gbàǹjo. Nígbà tí ẹjọ́ náà dé Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ti Amẹ́ríkà, kò sí àdéhùn kan pàtó tí àwọn apẹja náà lè tọ́ka sí. Adájọ́ Horace Gray wá tú ìtàn wò láti àṣẹ tí ọba Gẹ̀ẹ́sì pa ní ìbẹ̀rẹ̀ sẹ́ńtúrì kẹẹ̀ẹ́dógún, ó sì ka ìwé àwọn onímọ̀ láti Faransé, Jámánì, Sípéènì, Ítálì, Netherlands àti Ajẹntínà. Ó ṣàlàyé pé ilé-ẹjọ́ kì í ka irú ìwé bẹ́ẹ̀ nítorí ohun tí ẹni tó kọ ọ́ rò pé ó yẹ kí òfin jẹ́, bí kò ṣe nítorí pé ó jẹ́ ẹ̀rí tó ṣeé gbára lé nípa ohun tí òfin jẹ́. Ní oṣù kìíní 1900, ilé-ẹjọ́ náà dá àwọn apẹja Havana láre.

Ní Hague, lílo ìwé kò hàn sójú tó bẹ́ẹ̀. Nínú ìdájọ́ tí ilé-ẹjọ́ lápapọ̀ bá kọ, ó ṣọ̀wọ́n kí wọ́n dárúkọ onímọ̀ kankan. Inú èrò tí adájọ́ kọ̀ọ̀kan bá kọ lọ́tọ̀ ni orúkọ ti ń pọ̀, ìwádìí lórí àwọn orúkọ náà sì ti fi hàn pé ọkùnrin tó kẹ́kọ̀ọ́ tàbí tó ṣiṣẹ́ ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ló gba iwájú, àwọn bíi Hersch Lauterpacht, Gerald Fitzmaurice àti Shabtai Rosenne. Onímọ̀ tó jinlẹ̀ ni wọ́n, ẹ̀bi wọn kọ́ ni pé wọ́n ń ka ìwé wọn. Àṣìṣe ni kí ènìyàn sì rò pé nígbà tí ìdájọ́ kò dárúkọ ẹnikẹ́ni, ìwé kò ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Agbẹjọ́rò àwọn orílẹ̀-èdè máa ń kó ìwé onímọ̀ kún ẹ̀bẹ̀ tí wọ́n kọ sílẹ̀ fún ilé-ẹjọ́. Ọ̀pọ̀ agbẹjọ́rò wọ̀nyẹn, àti ọ̀pọ̀ adájọ́, ló jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n tó ti fi ọdún pípẹ́ kọ́ni láti inú ìwé kan náà. Ohun tí ènìyàn kà nígbà tó wà ní ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ni ó sábà máa ń dà bí òfin lójú rẹ̀ nígbà tó bá di adájọ́.

Ẹjọ́ Bakassi, ilẹ̀ tí Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù jọ ń du, jẹ́ kí àwa ọmọ Nàìjíríà mọ bí èyí ṣe lè wúwo tó. Nàìjíríà sọ fún Ilé-Ẹjọ́ Àgbáyé pé àwọn ọba àti ìjòyè Calabar Àtijọ́ ló ni ilẹ̀ náà, pé ní oṣù kẹsàn-án 1884 wọ́n bá ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe àdéhùn ààbò, àti pé ẹni tí wọ́n ní kó wá dáàbò bo ilẹ̀ kò ní àṣẹ láti gbé ilẹ̀ náà fún ẹlòmíràn. Nítorí náà, àdéhùn tí Gẹ̀ẹ́sì bá Jámánì, tó ń ṣàkóso Kamẹrúùnù nígbà náà, ṣe ní oṣù kẹta 1913, èyí tó fi Bakassi sí ìhà Kamẹrúùnù, kò lè mú ilẹ̀ náà lọ. Nínú ìdájọ́ rẹ̀ ti ọjọ́ 10 oṣù kẹwàá 2002, ilé-ẹjọ́ náà kò gba àlàyé yìí wọlé. Ó ní gẹ́gẹ́ bí òfin ìgbà náà, àdéhùn ààbò tí wọ́n bá àwọn aláṣẹ ìbílẹ̀ ṣe ní apá yìí Áfíríkà kò dà bí èyí tí orílẹ̀-èdè kan bá orílẹ̀-èdè ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe. Ọ̀rọ̀ tó sì fà yọ láti fi gbe èrò yìí lẹ́sẹ̀ wá láti inú ìdájọ́ tí Max Huber, ará Switzerland tó ti jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n òfin ní Zurich, ṣe ní 1928 gẹ́gẹ́ bí onílàjà láàárín Amẹ́ríkà àti Netherlands lórí erékùṣù kan ní etí Philippines. Huber sọ pé irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ kì í ṣe àdéhùn láàárín ẹni tó dọ́gba, pé ọ̀nà tí amúnisìn ń gbà ṣètò ilẹ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀ ni.

Mo fẹ́ ṣe òdodo sí ilé-ẹjọ́ náà. Kì í ṣe gbólóhùn Huber nìkan ló gba Bakassi lọ́wọ́ Nàìjíríà. Ilé-ẹjọ́ náà wò ó pé kò sí ẹ̀rí pé àwọn ìjòyè Calabar fapá jánú ní 1913, àti pé ọ̀pọ̀ ìwà tí ìjọba Nàìjíríà fúnra rẹ̀ hù lẹ́yìn òmìnira fi hàn pé ó gbà pé ilẹ̀ náà wà ní Kamẹrúùnù. Adájọ́ mẹ́tàlá ló sì gbà bẹ́ẹ̀ nínú mẹ́rìndínlógún. Àwọn mẹ́ta tó takò ó ni Abdul Koroma láti Sierra Leone, Francisco Rezek láti Brazil, àti Ọmọọba Bọ́lá Ajíbọ́lá, ọmọ Òwu ní Abẹ́òkúta, tí Nàìjíríà yàn jókòó lórí ẹjọ́ náà. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tí mo gbà pé ó wúwo jù ni èyí: nígbà tí ilé-ẹjọ́ sọ pé òfin ìgbà náà ni àwọn ń lò, ta ló sọ fún wọn ohun tí òfin ìgbà náà jẹ́? Ìwé àwọn ará Yúróòpù ni, àti ìwé ilé iṣẹ́ ìjọba wọn. Kò sí ìwé kan lórí tábìlì tó kó jọ, lọ́nà tí agbẹjọ́rò lè tọ́ka sí láìṣiyèméjì, ohun tí àwọn ọba etíkun wa rò pé àwọn ń fọwọ́ sí. Ọjọ́ 14 oṣù kẹjọ 2008 ni Nàìjíríà parí ìfàlélẹ̀ Bakassi.

Àwọn onímọ̀ tó kọ̀wé nígbà tí wọ́n ń pín Áfíríkà kò fi èrò wọn pamọ́. James Lorimer, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Edinburgh, pín ọmọ aráyé sí ọ̀nà mẹ́ta nínú ìwé tó tẹ̀ jáde láàárín 1883 àti 1884: àwọn ọlọ́làjú, àwọn tí kò tíì là tán, àti àwọn ẹhànnà, ìpín àkọ́kọ́ nìkan ni òfin àgbáyé kàn ní kíkún. John Westlake tó jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n ní Cambridge kọ ọ́ ní 1894 pé àwọn ẹ̀yà tí kò mọ ohun tí ìjọba ilẹ̀ jẹ́, gẹ́gẹ́ bí òun ṣe rí i, kò lè fi àdéhùn gbé e fún ẹlòmíràn. Irú ìwé wọ̀nyí ni àwọn tó wá lẹ́yìn ń tọ́ka sí, èyí tó tọ́ka sí wọn ni àwọn tó tún wá lẹ́yìn ń tọ́ka sí, títí tí èrò ọ̀gbẹ́ni kan nínú yàrá ìkàwé rẹ̀ fi di ẹ̀kọ́ àwọn onímọ̀ tó dáńtọ́ jù lọ.

Ní àsìkò kan náà gan-an, àwọn ìlú Yorùbá ń bá ara wọn ṣe àdéhùn, wọ́n sì ń bá Gẹ̀ẹ́sì ṣe é. Ní 1886, Aláàfin, Ìbàdàn, Ìjẹ̀ṣà, Èkìtì àti àwọn mìíràn fọwọ́ sí àdéhùn àlàáfíà Ogun Kírìjì, tó fi òmìnira fún àwọn ìlú Èkìtìparapọ̀, tó sì tún sọ ẹni tí yóò ṣí kúrò níbi tó wà. Ní ọjọ́ 18 oṣù kìíní 1893, Gómìnà Gilbert Carter bá Ẹ̀gbá ṣe àdéhùn tó sọ ọ́ ní kedere pé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba òmìnira Ẹ̀gbá, pé wọn kò sì ní gba ilẹ̀ Ẹ̀gbá láìjẹ́ pé àwọn aláṣẹ rẹ̀ fọwọ́ sí i. Ní 1914, lẹ́yìn tí ọmọ ogun ìjọba ti yìnbọn pa ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Abẹ́òkúta ní oṣù kẹjọ, wọ́n fagi lé òmìnira náà. Àdéhùn méjèèjì yìí jẹ́ ẹ̀rí tó tako Westlake tààrà: àwọn tó ṣe wọ́n mọ ohun tí ààlà jẹ́, wọ́n mọ ohun tí òmìnira jẹ́, wọ́n sì mọ ìyàtọ̀ láàárín kí ènìyàn wá bá ọ lájọṣe àti kí ó wá jẹ gàba lé ọ lórí.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ìwé tó pa irú àdéhùn wọ̀nyí mọ́ ni kò yẹ kí a gbàgbé nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ ìtẹ̀wé. Àlùfáà Samuel Johnson, tó fúnra rẹ̀ jẹ́ ìránṣẹ́ láàárín àwọn jagunjagun nígbà Kírìjì, parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897. Wọ́n fi í ránṣẹ́ sí ilé ìtẹ̀wé kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì sọnù sọ́wọ́ wọn. Johnson kú ní 1901. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ló jókòó láti tún un kọ láti inú àkọsílẹ̀ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi sílẹ̀. Nígbà tí ó tún fi ránṣẹ́ ní 1916, àwọn ará Jámánì gba ọkọ̀ Appam tó gbé e, wọ́n sì wà á lọ sí Amẹ́ríkà. Ó di 1918 kí ìwé náà tó dé ọ̀dọ̀ àwọn tí yóò tẹ̀ ẹ́. Ọdún 1921 ni ó jáde, lẹ́yìn tí Obadiah náà ti kú. Ẹ̀yìn ìwé yẹn ni ọ̀rọ̀ àwọn àdéhùn náà wà. Ìyẹn ni pé ìgbà tí àwọn amòfin mẹ́wàá ń kọ Abala 38 ní Hague, ẹ̀rí tiwa ṣì wà lọ́dọ̀ àwọn atẹ̀wé, ó sì ti pé ọdún mẹ́tàlélógún tí ẹni tó kọ́kọ́ kọ ọ́ ti parí rẹ̀.

Taslim Ọláwálé Elias, ọmọ Èkó tí wọ́n bí ní 1914, mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí, ó sì fi gbogbo ayé rẹ̀ bá a wọ̀jà. Òun ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ òfin ní Yunifásítì London, ní 1949. Ní 1956 ó tẹ ìwé jáde lórí ohun tí òfin ìbílẹ̀ Áfíríkà jẹ́ gan-an, láti fi hàn pé òfin ni, kì í ṣe àṣà lásán. Ní 1972 ó tẹ òmíràn tó tọpa bí àwọn ìjọba Áfíríkà ṣe ń rán ikọ̀ síra wọn àti sí ilẹ̀ òkèèrè, tí wọ́n ń ṣòwò, tí wọ́n ń ṣe àdéhùn, kí amúnisìn tó dé. Ó wà nínú Ìgbìmọ̀ Òfin Àgbáyé láti 1961 sí 1975. Ó ṣe alága ìgbìmọ̀ gbogbogbòò níbi àpérò Vienna tó mú òfin àdéhùn àwọn orílẹ̀-èdè jáde ní 1969. Ó di adájọ́ ní Hague ní 1976, ó sì jẹ́ ààrẹ ilé-ẹjọ́ náà láti 1982 sí 1985, ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó dé ipò yẹn. Kò fi ipò rọ́pò ìwé. Bó ṣe ń gòkè ni ó ń kọ̀wé. Síbẹ̀, Manchester ni wọ́n ti tẹ ìwé 1956 yẹn, Leiden ni wọ́n sì ti tẹ ti 1972.

Títí di òní, ibẹ̀ náà ni ọ̀nà ṣì gbà. Jọ́nà, ìyẹn ìwé àtìgbàdégbà tí àwọn onímọ̀ ń gbé ìwádìí wọn sí, ni ọjà pàtàkì ìmọ̀ òfin àgbáyé. Èyí tó lókìkí jù ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ ní 1907, ìwé ọdọọdún ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ ní 1920, ti Yúróòpù bẹ̀rẹ̀ ní 1990. Ilé ìtẹ̀wé Cambridge àti Oxford, Brill ní Leiden, àti Springer ló ń tẹ púpọ̀ nínú ohun tí adájọ́ àti agbẹjọ́rò Hague ń kà. Onímọ̀ tó bá fẹ́ kí àpilẹ̀kọ rẹ̀ jáde nínú wọn yóò fi ránṣẹ́, olóòtú yóò yẹ̀ ẹ́ wò, yóò sì fún àwọn onímọ̀ mìíràn tí orúkọ wọn pamọ́ kí wọ́n sọ bóyá ó tó gbangba sùn lọ́yẹ́. Ìlànà yìí dára. Òun ni kì í jẹ́ kí ohunkóhun kàn di ìmọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń yẹ̀ ẹ́ wò máa ń béèrè pé, ṣé o ti ka àwọn tó ti kọ̀wé lórí rẹ̀? Tí ó bá jẹ́ pé ohun tí ilé ìkówèésí yunifásítì rẹ kò lágbára láti rà ni wọ́n ń bi ọ́, kò sí bí o ṣe lè dáhùn dáadáa. Àpilẹ̀kọ tó dá lórí ààlà láàárín Nàìjíríà àti Benin yóò sì gbọ́ pé ọ̀rọ̀ àdúgbò ni, nígbà tí ti odò kan ní Yúróòpù ń di àpẹẹrẹ fún gbogbo ayé.

Ọ̀rọ̀ owó tún wá jinlẹ̀ ju bí ó ṣe hàn lọ. Ní ọ̀pọ̀ jọ́nà ńlá wọ̀nyí, onímọ̀ lè tẹ àpilẹ̀kọ jáde láìsan kọ́bọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá sanwó tàbí tí yunifásítì rẹ̀ sanwó nìkan ni yóò lè kà á. Tí ó bá fẹ́ kí gbogbo ayé kà á lọ́fẹ̀ẹ́ láti ọjọ́ tó jáde, ọwọ́ rẹ̀ ni owó yóò ti wá, ó sì lè ju ẹgbẹ̀rún mẹ́ta dọ́là lọ fún àpilẹ̀kọ kan ṣoṣo, owó tó ju ohun tí ọ̀jọ̀gbọ́n ní Nàìjíríà ń gbà lóṣù mélòó kan. Àwọn yunifásítì Yúróòpù ti bá àwọn ilé ìtẹ̀wé ṣe àdéhùn tó kó owó yìí pọ̀ mọ́ owó ìkàwé, nítorí náà iṣẹ́ àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n wọn ń di ohun tí gbogbo ayé ń rí kà lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tó wà ní Ìbàdàn tàbí Ifẹ̀, tí kò rí irú àǹfààní bẹ́ẹ̀, tí kò sì mọ̀ pé òun lè bẹ̀bẹ̀ fún ìdáríjì owó, yóò tẹ iṣẹ́ rẹ̀ sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn tí akẹ́kọ̀ọ́ tirẹ̀ gan-an kò lè ṣí. Lóòótọ́ ìrànwọ́ wà: ní 1965 ni Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé bẹ̀rẹ̀ ètò fún kíkọ́ àti títan ìmọ̀ òfin àgbáyé ká, òun ló sì wà lẹ́yìn àwọn ẹ̀kọ́ orí fídíò tí ẹnikẹ́ni lè wò lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, láti 2018 sì ni Àjọ Òṣìṣẹ́ Àgbáyé ti ń darí ètò GOALI, tó ń ṣí ìwé òfin sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ tàbí lówó pọ́ọ́kú fún àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ní orílẹ̀-èdè tí kò lówó. Ṣùgbọ́n kíkà ni èyí ń tún ṣe. Kì í tún ìbéèrè ẹni tí wọ́n ń kà ṣe.

Apá kan wà tó jẹ́ pé àwa fúnra wa ló fà á. Púpọ̀ nínú àwọn yunifásítì wa kì í gbé olùkọ́ ga láìjẹ́ pé ó tẹ ìwé jáde ní òkè òkun. Mo mọ ìdí rẹ̀: wọn kò fẹ́ kí ènìyàn máa tẹ ìwé jáde ní ilé ara rẹ̀ kí ó sì máa pè é ní ìwádìí. Àmọ́ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé àpilẹ̀kọ tó dára jù ń lọ sí òkèèrè, jọ́nà ilé ń gba èyí tó ṣẹ́kù, àwọn oníjìbìtì tó ń pe ara wọn ní ilé ìtẹ̀wé òkè òkun sì ń gba owó lọ́wọ́ àwọn ọ̀dọ́ olùkọ́ fún jọ́nà tí ẹnikẹ́ni kì í kà. Jọ́nà tí iṣẹ́ tó dára kì í wọ̀, adájọ́ kò ní ṣí i. Èyí tí adájọ́ kì í ṣí, iṣẹ́ tó dára kò ní wọ̀ ọ́.

Àwọn kan kò jókòó lásán. Ní 1997, àwọn ọ̀dọ́ onímọ̀ láti Áfíríkà àti Éṣíà péjọ ní Harvard láti bẹ̀rẹ̀ ẹgbẹ́ èrò kan tó ń wo òfin àgbáyé láti ojú àwọn tí wọ́n mú sìn. Lónìí wọ́n ní jọ́nà tiwọn tí kíkà rẹ̀ jẹ́ ọ̀fẹ́. Ìwé ọdọọdún ti Áfíríkà bẹ̀rẹ̀ ní 1993 lábẹ́ Abdulqawi Yusuf, ará Somalia tó padà di ààrẹ Ilé-Ẹjọ́ Àgbáyé. Ìwé ọdọọdún ti Nàìjíríà lórí òfin àgbáyé tún bẹ̀rẹ̀ láti ọdún 2017, àwọn onímọ̀ wa tó wà nílé àti lẹ́yìn odi ló ń darí rẹ̀, Springer ló sì ń tẹ̀ ẹ́. Ó mú inú mi dùn pé ó wà. Ó sì dùn mí pé akẹ́kọ̀ọ́ tó wà ní Àkúrẹ́ gbọ́dọ̀ wá owó òkèèrè kó tó lè ka ohun tó ń jẹ́ orúkọ orílẹ̀-èdè rẹ̀.

Ní inú èyí ni àbá Ìgbìmọ̀ Òfin Àgbáyé bọ́ sí. Nínú àbá karùn-ún, wọ́n sọ pé ẹ̀kọ́ onímọ̀ jẹ́ ohun ìrànwọ́ láti mọ òfin, pàápàá èyí tó fi èrò tó ṣọ̀kan hàn láàárín àwọn tó mọ òfin àgbáyé láti oríṣiríṣi ètò òfin àti ẹkùn ayé. Wọ́n sì fi kún un pé, nígbà tí a bá ń wo bóyá ẹ̀kọ́ náà ṣojú fún ayé, ó yẹ kí a kíyè sí ti ọkùnrin àti obìnrin, kí a sì kíyè sí oríṣiríṣi èdè. Àbá kẹta ti ka àwọn òṣùwọ̀n mìíràn, lára wọn ni bí àlàyé inú ìwé ṣe jinlẹ̀ tó, ìmọ̀ àwọn tó kọ ọ́, àti bí àwọn orílẹ̀-èdè ṣe gbà á. Àwọn kan lè sọ pé èyí fẹ́ fi ìdọ́gba ẹkùn rọ́pò ìmọ̀. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Láti 1920 ni Abala 38 ti sọ pé onímọ̀ láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè. Ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀ tí wọn kò ṣe ni ìgbìmọ̀ náà ń rán wọn létí. Tí ìwé onímọ̀ bá jẹ́ ẹ̀rí ohun tí àwọn orílẹ̀-èdè gbà ní òfin, bí Adájọ́ Gray ti sọ, ẹ̀rí tó wá láti igun ayé kan ṣoṣo kò tíì pé, bó ti wù kí ẹni tó kọ ọ́ gbọ́n tó.

Ibi tí àbá náà ti kù díẹ̀ káàtó ni pé kò lè fi ìwé tí kò sí síwájú adájọ́. Ìjọba Amẹ́ríkà àti àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ń tẹ àkójọ ohun tí ìjọba wọn sọ àti ohun tí wọ́n ṣe lórí òfin àgbáyé jáde láti ọdún pípẹ́, nítorí náà, nígbà tí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ mọ àṣà àwọn orílẹ̀-èdè, tiwọn ló kọ́kọ́ ń bọ́ sí i lọ́wọ́. Ohun tí Nàìjíríà sọ nípa ààlà òkun rẹ̀, nípa àwọn olè ojú omi, nípa àwọn tó sá wọ ilẹ̀ wa láti Liberia, wà nínú fáìlì Abuja. Ọ̀dọ́ onímọ̀ tó bá fẹ́ kọ̀wé lórí rẹ̀ yóò lọ ka ìwé àwọn aṣojú Gẹ̀ẹ́sì àti ti Amẹ́ríkà láti mọ ohun tí ìjọba tirẹ̀ sọ. Èyí ni mo gbà pé ó ṣe pàtàkì jù láti tún ṣe, nítorí kò gba pé kí ilé ìtẹ̀wé òkèèrè kankan fọwọ́ sí i: kí ilé iṣẹ́ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè àti ilé iṣẹ́ ètò ìdájọ́ máa tẹ àdéhùn àti èrò òfin ìjọba jáde lọ́dọọdún, kí wọ́n sì gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́.

Àwọn yunifásítì náà ní ohun tí wọ́n lè ṣe láìdúró de ẹnikẹ́ni. Ọ̀pọ̀ ilé ìtẹ̀wé ńlá gbà pé kí onímọ̀ fi ẹ̀dà tí olóòtú ti fọwọ́ sí, kí wọ́n tó tò ó fún títẹ̀, sí ibi ìpamọ́ ìwé yunifásítì rẹ̀ fún kíkà lọ́fẹ̀ẹ́, nígbà mìíràn lẹ́yìn oṣù díẹ̀. Ó kù kí yunifásítì sọ ọ́ di dandan. Kí wọ́n sì yan jọ́nà ilé díẹ̀ tó ń yẹ iṣẹ́ wò ní tòótọ́, kí wọ́n ka àpilẹ̀kọ inú wọn sí ti òkè òkun nígbà ìgbéga. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ kò ní láti tóbi. Ní 2019, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òfin ní Yunifásítì Gúúsù Pàsífíìkì, ní Vanuatu, mú àbá wá pé kí wọ́n bi Ilé-Ẹjọ́ Àgbáyé léèrè ohun tí òfin sọ nípa ojúṣe àwọn orílẹ̀-èdè lórí ìyípadà ojú ọjọ́. Àpéjọ Gbogbogbòò Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé gba àbá náà ní oṣù kẹta 2023, ilé-ẹjọ́ sì dáhùn pẹ̀lú ohùn kan ní ọjọ́ 23 oṣù keje 2025.

Ní ìparí oṣù kẹwàá ọdọọdún ni Ìgbìmọ̀ Kẹfà Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé máa ń gbọ́ ohun tí àwọn ìjọba sọ lórí iṣẹ́ Ìgbìmọ̀ Òfin Àgbáyé. Ohùn Nàìjíríà lórí àbá karùn-ún yẹ kí ó wà níbẹ̀ ní kíkọ sílẹ̀, kí ó dárúkọ Elias, kí ó dárúkọ àdéhùn Ẹ̀gbá ti 1893, kí ó sì sọ pé ọ̀rọ̀ èdè àti ẹkùn kò gbọdọ̀ kúrò nínú àbá náà nígbà tí ìgbìmọ̀ bá ń tún un kà fún ìgbà ìkẹyìn.